Bí Ó Bá Jẹ́ Tiwa Ló Jẹ̀bi Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni mo gbé dání láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yí rédíò yín sí ibòmíràn. N kò wá polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kejì ọdún 2011, èrò kún ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri l'Ékòó. Wọ́n dá aṣọ ẹbí, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Olóyè Olabode George, tó ti fìgbà kan jẹ́ igbákejì alága ẹgbẹ́ òṣèlú PDP fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ló ń jáde bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó ló rán an lẹ́wọ̀n ọgbọ̀n oṣù ní oṣù Kẹwàá 2009. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé nígbà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń darí iléeṣẹ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń gé iṣẹ́ àgbàṣe sí wẹ́wẹ́ kó má baà kọjá iye tí òfin ní kí wọ́n fọwọ́ sí. Láti Kirikiri, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, wọ́n mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Katidírà ní Marina, wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ kejì bú wọn. Wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń fi aṣọ ẹbí pàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kejìlá 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìdájọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n da ẹjọ́ náà nù, wọ́n dá olóyè láre. Ó wá kan àwọn tó jó láti máa yan, ó sì kan àwọn tó bú wọn láti máa kùn.

Ìbéèrè tèmi rèé. Nígbà tí wọ́n ń rán aṣọ ẹbí yẹn ní 2011, ìdájọ́ ẹ̀bi ló wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ilé ẹjọ́ yóò sọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sígbà náà. Nítorí náà, wọn kò jó torí pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá wọn kò ṣẹ̀. Wọ́n jó torí pé tiwọn ni. Àwọn tó bú wọn ńkọ́? Mélòó nínú wọn ló ti ka ìdájọ́ tí adájọ́ kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó máa bú? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bú olóyè torí pé PDP ni. Ẹgbẹ́ ló dá ẹjọ́ fún tọ̀tún tòsì, kì í ṣe ẹ̀rí.

Tẹni n tẹni, tàkísà n tààtàn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ní àná. Àwọn bàbá wa tó wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, kò fẹ́ gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker rí nípa owó ìjọba agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àkùkọ, ìyẹn NCNC, tó ṣáájú wọn náà kò ka ohun tí ìgbìmọ̀ Foster-Sutton sọ nípa Zik, olórí wọn, àti báǹkì ACB sí. Bí ìgbìmọ̀ yẹn ṣe parí iṣẹ́ ní 1957, Zik tú ilé ìgbìmọ̀ Ìlà-Oòrùn ká, ó padà sọ́dọ̀ olùdìbò, wọ́n sì tún gbé e wọlé. Mo gbà pé àwọn ọlọ́pẹ ní ohun tí wọ́n lè wí, torí àwọn tó gbé ìgbìmọ̀ Coker kalẹ̀ l'Ékòó kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn rárá. Àmọ́ kò sí àjọ ìwádìí tí ọ̀tá ẹni kò ní í fọwọ́ kàn láyé yìí. Bí a bá ní ká dúró de èyí tí ọ̀rẹ́ gbé kalẹ̀, a ó dúró pẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí ni pé alátakò kò lè dá aláṣẹ lẹ́kun. Kí ó pariwo títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, aláṣẹ yóò ní ìlara ni, àwọn èèyàn rẹ̀ yóò sì ní àmín. Ẹni tó lè dá a dúró wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò kìlọ̀ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ kíyè sí i: ará ilé ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Wọn kò gbé e lé aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà, torí ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́ irú ìjọba tí a ń ṣe láti 1979. Lóru ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1972, ọlọ́pàá mú ọkùnrin márùn-ún nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Democrat, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Watergate ní Washington. Iṣẹ́ amí ni wọ́n wá ṣe. Ààrẹ ìgbà náà, Richard Nixon ti ẹgbẹ́ Republican, ní òun kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n dìbò, Nixon sì mú ìpínlẹ̀ 49 nínú 50. Ta ni alátakò tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹni tó mú ìpínlẹ̀ 49?

Àwọn Democrat ló pọ̀ jù ní ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì, wọ́n sì pariwo dáadáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè yọ Ààrẹ, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọn kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó já ẹsẹ̀ Nixon ni àwọn tó bá a jẹ, tó bá a mu. Ní oṣù Kẹwàá 1973, ó ní kí Elliot Richardson, mínísítà rẹ̀ fún ètò ìdájọ́, lé Archibald Cox, agbẹjọ́rò tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Republican ni Richardson. Ó kọ̀, ó fi ipò sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n yí sí igbákejì rẹ̀, William Ruckelshaus, Republican lòun náà. Òun náà kọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù Keje 1974, pé ṣé kí Ààrẹ kó téèpù tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ jáde, adájọ́ mẹ́jọ ló jókòó, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì ní kó kó o jáde. Nixon fúnra rẹ̀ ló yan mẹ́ta nínú wọn sípò.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìdájọ́ ní ilé aṣojú-ṣòfin dìbò. Republican mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀, nígbà ìdìbò àkọ́kọ́, mẹ́fà dìbò pé kí wọ́n fẹ̀sùn kan Ààrẹ ẹgbẹ́ tiwọn. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, téèpù jáde. Gbogbo ayé gbọ́ ohùn Nixon, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí wọ́n mú àwọn amí yẹn, tó ń gbà pé kí àjọ CIA dá ìwádìí FBI dúró. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àgbà ẹgbẹ́ mẹ́ta lọ bá a nínú ilé ìjọba: Barry Goldwater, Hugh Scott àti John Rhodes. Wọ́n sọ fún un pé àwọn tó ṣẹ́kù sẹ́yìn rẹ̀ láàárín aṣòfin àgbà kò tó ogún. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni yóò gbà á là. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ló bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ pé òun ń lọ.

Kí ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n o. Ọdún méjì gbáko ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbèjà ohun tí wọ́n mọ̀ pé kò mọ́. Nígbà ìdìbò àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ yẹn, mọ́kànlá kọ̀ láti dìbò lòdì sí i, àfìgbà tí téèpù yẹn dójú tì wọ́n. Gerald Ford tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ sì forí jì í kó tó pé oṣù kan. Ẹni tó sì sọ òtítọ́ san owó rẹ̀. Lawrence Hogan, aṣojú-ṣòfin láti Maryland, nìkan ni Republican tó fọwọ́ sí ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìgbìmọ̀ náà fi kan Nixon. Ó ń du tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà lọ́dún náà gan-an. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ẹ lè máa rò pé àwọn ará ẹgbẹ́ tiwa níbí kì í yọ ọ̀gá wọn. Wọ́n ń yọ ọ́ dáadáa! Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́jọ́.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ kò ní gbàgbé oṣù Kìíní 2006. Gómìnà Rashidi Ladọja, tó ti wá di Olúbàdàn lónìí, kí adé pẹ́ lórí, ni àwọn aṣòfin yọ. PDP ni gómìnà, PDP ni àwọn tó yọ ọ́. Aṣòfin méjìdínlógún ló ṣe é nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá mọ ìṣirò mọ̀ pé méjìdínlógún kì í ṣe ìdá méjì nínú mẹ́ta méjìlélọ́gbọ̀n, kódà inú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti jókòó bẹ̀rẹ̀ ètò náà. Kí ó tó pé ọdún kan, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá gómìnà padà sípò. Ẹ̀sùn pọ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n olóògbé Alhaji Lamidi Adedibu, baba ìsàlẹ̀ òṣèlú Ìbàdàn, kò fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé mílíọ̀nù 65 náírà ni gómìnà ń gbà lóṣooṣù fún ètò ààbò, pé mílíọ̀nù 15 ló yẹ kó máa fún òun níbẹ̀, pé wọ́n bù ú kù sí mílíọ̀nù mẹ́wàá, síbẹ̀ kò fún òun.

Ẹ gbọ́ ọ bí? Kò ní gómìnà náwó ìlú nínàkunà. Ó ní kò pín in. Ní tiwa níbí, kì í ṣe jíjẹ ni ẹ̀ṣẹ̀ tó ń lé èèyàn kúrò lórí oyè nínú ẹgbẹ́. Àìpín ni. Àwọn ará ilé gbọ́ hùrùhẹ̀rẹ̀ kòkòrò náà, kí wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀ jẹ ni wọ́n ṣe dìde.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ti Abúja. Ní 2007, Arábìnrin Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin. Kó tó pé oṣù mẹ́rin lórí àga, ariwo ta nípa iṣẹ́ àgbàṣe mílíọ̀nù 628 náírà láti tún ilé rẹ̀ àti ti igbákejì rẹ̀ ṣe, àti láti ra ọkọ̀ méjìlá. PDP ló kún ilé náà bámúbámú nínú 360. Àwọn alátakò kò lè yọ ọ́ láé bí àwọn PDP kò bá fẹ́. Àwọn PDP ló ṣáájú ìjà náà, wọ́n ní ìwà títọ́ làwọn dúró fún, Farouk Lawan láti Kánò sì ni aṣíwájú wọn. Ìjà le débi pé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, Dókítà Aminu Safana tó wà lẹ́yìn olórí ilé náà ṣubú lójú ìjókòó, ó sì gbabẹ̀ kú. Kí oṣù náà tó parí, arábìnrin náà fi ipò sílẹ̀. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí n sọ ìyẹn.

Àwọn kan nílé lọ́hùn-ún ní ọmọ Yorùbá ni wọ́n fẹ́ lé, pé obìnrin ni wọ́n fojú tín-ín-rín. Ta ló wá gbapò rẹ̀? Dimeji Bankole, ọmọ Abẹ́òkúta, PDP. Yorùbá kò pàdánù àga, ẹgbẹ́ kò pàdánù àga. Ìyẹn ni mo fi ń dá àwọn tó máa ń sọ pé bí a bá wádìí tiwa, ọ̀tá yóò gbàjọba lóhùn. Nígbà mìíràn kì í rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà mìíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ó máa ń dunni: Republican pàdánù àga rẹpẹtẹ nínú ìdìbò 1974. Ṣùgbọ́n ní 1980, àwọn kan náà ni Reagan, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, gbé padà wọlé.

Ti Farouk Lawan ńkọ́? Ní 2012, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń wádìí owó ìrànwọ́ orí epo. Nínú iṣẹ́ ìwádìí yẹn náà ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án pé ó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan, kí ó lè yọ orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Ní oṣù Kìíní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún múlẹ̀ fún un. Àwọn èèyàn máa ń sọ èyí fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé ṣé mo rí i, gbogbo wọn náà ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó béèrè ní 2007 kò di irọ́ torí ohun tí ó ṣe ní 2012. Ó yẹ kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ ti dìde bi òun náà ni.

Kí ló wá ń dí àwọn ará ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti bi ọ̀gá wọn? Ẹ wo aṣòfin ìpínlẹ̀. Òfin wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni du ipò láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì lẹ̀mí rẹ̀, ọwọ́ gómìnà sì ni tíkẹ́ẹ̀tì wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, torí àwọn tó ń dìbò abẹ́lé, èèyàn rẹ̀ ni wọ́n. Bí aṣòfin náà bá ní kóun bínú lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, abala 109 òfin orílẹ̀-èdè wa ní kí ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ bá ti pín. Owó tí ilé ìgbìmọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ṣàtúnṣe òfin ní 2018 pé kí ó máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Síbẹ̀, ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní láti daṣẹ́ sílẹ̀ lórí owó kan náà yìí, ilé ẹjọ́ sì wà ní títì fún oṣù méjì. Ẹni tí o gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lo fẹ́ lọ bi léèrè bó ṣe se é?

Lókè pátápátá, ẹgbẹ́ ti di ibi ìsádi. Ní oṣù Kìíní 2019, nígbà ìpolongo ìbò ní Benin, alága APC ìgbà náà, Adams Oshiomhole, sọ ní gbangba pé ẹni tó bá ti wọ APC, a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kí PDP má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Ní 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan dárí ji Diepreye Alamieyeseigha, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní Bayelsa, tó ti fẹnu ara rẹ̀ gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 2000, Ààrẹ Obasanjo ti dárí ji Salisu Buhari, olórí ilé aṣojú-ṣòfin tó parọ́ ọjọ́ orí, tó sì ní òun gboyè ní Toronto níbi tí kò ti gboyè kankan. Agboòrùn PDP ni o, ìgbálẹ̀ APC ni o, wọ́n ti forí ji tiwọn rí.

Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní káàdì ẹgbẹ́ lápò ni mò ń bá wí: ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ máa ń lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń lẹ pátákó ìpolongo mọ́ ògiri, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ìgbà ayé UPN. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kejì bá sọ̀rọ̀ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀ yín, wọ́n á ní ọ̀tá ni. Bí èmi bá sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n á ní ta ló rán mi. Ẹ̀yin nìkan ni wọn kò lè pè ní ọ̀tá. Àwíjàre tí ẹ kò ní gbà lẹ́nu ẹgbẹ́ kejì, ẹ má gbà á lẹ́nu tiyín.

Ìdìbò kò ní í pẹ́ dé. Nígbà ìpàdé wọ́ọ̀dù yín tó ń bọ̀, kí ẹnìkan dìde, kó bi aṣòfin yín ní ohun kan péré: ìgbà wo ló bi gómìnà ẹgbẹ́ wa ní ìbéèrè gbẹ̀yìn lórí owó, kí sì ni ìbéèrè náà? Bí ó bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ pè wá lórí ètò yìí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ pè wá bákan náà. A ó gbé méjèèjì sí afẹ́fẹ́.